Ṣòkòtò Bàbá Suzanne

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kọkànlá, 1976

Bàbá Agnès, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti Kútọnu dé láàárọ̀ yìí. Kò gba iwájú ilé wọlé. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló dúró sí, ó ránṣẹ́ pè mí bí ẹni tó fẹ́ yá àdá. Àpò aṣọ àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Kò tíì lanu tí mo fi mọ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti la inú ọkọ mi, Bàbá Suzanne, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò jí mọ́. Wọ́n sì ti sin ín sọ́hùn-ún, torí kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé e wá sílé tí Ìyá tó bí i ò ní mọ̀.

Òbí kì í rí òkú ọmọ, èmi náà mọ èyí. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìyàwó náà ò ní sunkún. Àwọn àgbà ilé ti fẹnu kò. Wọ́n ní Ìyá ti darúgbó, ọkàn rẹ̀ ò lè gbé e, pé Clément ọkọ mi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, òun ló sì ń bá a gbé. Torí náà n kò gbọdọ̀ wọ aṣọ opó, n kò gbọdọ̀ tú irun, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wá kí mi. Kí n sọ fún Ìyá pé ara Clément ti yá, àwọn ọ̀gá ojú irin sì ti gbà á lọ sí Parakou, iṣẹ́ wà níbẹ̀ títí di ìgbà òjò.

"Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a ó wá bí a ṣe máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀," Bàbá Agnès wí. Ó ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Òun lè sunkún, òpin ìlú ni ilé rẹ̀ wà, Ìyá ò lè gbọ́ níbẹ̀.

Inú ṣáláńgá ni mo ti sunkún tèmi. Mo fi etí ìró dí ẹnu.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Kejìlá

Suzanne wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ní Parakou. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ojú rẹ̀ ò mọ irọ́ pa. Ó bi mí bóyá òun lè sunkún nínú ọkọ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́ ná. Irú ọ̀rọ̀ wo ni ìyá ń bá ọmọ sọ yẹn.

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo wa ti ń la.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kejìlá

Kòkòrò ti ń wọ iṣu tí Bàbá Suzanne tò sẹ́yìn ilé kó tó lọ. Bí n kò bá sá a gbẹ, kí n sọ ọ́ di gbodo kí ọyẹ́ tó lọ, yóò jẹrà, èmi àti Ìyá ò sì ní rí nǹkan kan jẹ títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti ń bẹ iṣu, mo ń bọ̀ ọ́, mo ń rẹ ẹ́ mọ́jú. Lónìí ni mo sá ti àkọ́kọ́ sórí àpáta tó wà lẹ́yìn àgbàlá wa.

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí ni àwọn ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mo pariwo, mo sọ òkúta. Àwọn kéékèèké sá díẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn gbójú sókè, ó wò mí, ó tún ń bá jíjẹ rẹ̀ lọ. Adìẹ ló kà mí sí.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Kejìlá

Wọ́n tún wá lánàá, wọ́n tún wá lónìí. Mo yá ajá Bàbá Agnès. Ọ̀bọ ńlá yẹn fa etí rẹ̀ ya. Ajá náà kò dúró kí n mú un lọ, fúnra rẹ̀ ló mọ̀nà ilé.

Epo òyìnbó tún ti wọ́n sí i. Ìyá bi mí bí ọbẹ̀ wọn ṣe rí ní Parakou, torí Clément kì í fẹ́ ata púpọ̀. Mo ní ọbẹ̀ wọn dára.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kejìlá

Mo so agolo mọ́ okùn yí àpáta ká. Fún ọjọ́ kan péré ló bà wọ́n lẹ́rù. Lónìí mo rí ọmọ ọ̀bọ kan tó ń fa okùn náà ṣeré, tí agolo ń dún, tí inú rẹ̀ ń dùn. Mo sun ata gbígbẹ sínú èédú kí èéfín rẹ̀ lè lé wọn. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé èéfín ọ̀hún wọ inú ilé, Ìyá wúkọ́ títí mo fi rò pé ọwọ́ ara mi ni màá fi pa á, lẹ́yìn gbogbo irọ́ tí a ń pa kí ó má baà kú.

Èyí tó burú jù: nígbà tí mo ń gbọn èéfín jáde, ọ̀kan wọnú àgbàlá. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Ìyá jókòó sí lórí ẹní rẹ̀, ó gbé igbá ẹ̀kọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lọ. Ojú Ìyá ò ríran dáadáa mọ́. Òjìji ni gbogbo nǹkan lójú rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ó bi mí.

"Ọ̀bọ ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, kò fọwọ́ kàn yín?"

"Ọ̀bọ. Nínú àgbàlá wa níbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù ba èmi náà. Bí wọ́n bá lè gbé ẹ̀kọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n lè gé e jẹ lọ́la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kejìlá

Àdìjá, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ ní kọ̀rọ̀ ilé wa, yọ orí lókè ọgbà bó ṣe máa ń ṣe. Òun nìkan ló ń wá bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù ń sá, wọ́n ń bẹ̀rù kí ẹnu wọn má ṣì sọ ọ́ níbi tí Ìyá wà. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́, àfi ẹni tó bí i.

"Ìyá Suzanne, títí ọ̀la lo máa sọ òkúta," ó wí. "Ìró lo ró. Ọ̀bọ mọ ìró. Ó mọ̀ pé obìnrin ò lè gun àpáta lé òun, obìnrin ò sì gbé ìbọn rí."

"Kí ni kí n wá ṣe? Kí n di ọkùnrin?"

"Wọ ṣòkòtò. Lóko bàbá mi, ìyá wa máa ń wọ ṣòkòtò àti akẹtẹ̀ bàbá wa tí àgbàdo bá gbó. Àwọn ọ̀bọ á sá lọ."

"Ṣòkòtò ta ni?"

Ó mọ ohun tí mò ń bi í. Ó wo ilẹ̀. Aṣọ òkú kì í kúrò nínú àpò títí àwọn ẹbí yóò fi pé jọ láti pín in, opó ló sì kẹ́yìn àwọn tó lè fọwọ́ kàn án.

"Ṣé o ti ṣopó ni?" ni Àdìjá wí. "Wọ́n ní o kì í ṣe opó. Ìyàwó ẹni tó lọ síbi iṣẹ́ ni ọ́. Ìyàwó sì ń wọ aṣọ ọkọ rẹ̀."

Ẹnu obìnrin yìí mú ju abẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kejìlá

Mo tú àpò náà. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀wù kakí, ti ọṣẹ àti ti tábà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé e mọ́ ojú. Lẹ́yìn náà mo wọ ẹ̀wù náà, mo wọ ṣòkòtò, mo fi okùn so ó níbàdí, mo dé akẹtẹ̀ rẹ̀, mo mú igi, mo gun orí àpáta.

Wọ́n yọ lórí òkè. Wọ́n dúró. Èyí tó tóbi na ọrùn, ó wò mí pẹ́. N kò pariwo, torí ohùn ni yóò tú mi fó. Mo kàn gbé igi sókè bí Bàbá Suzanne ṣe máa ń gbé àdá. Gbogbo wọn yí padà, wọ́n sì lọ.

Inú mi dùn. Mo fẹ́ sáré wọlé lọ sọ fún Bàbá Suzanne.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Kejìlá

Láti ọjọ́bọ̀, kò sí ẹyọ gbodo kan tó sọnù.

Ṣùgbọ́n lónìí mo gba àárín àgbàlá kọjá pẹ̀lú aṣọ ọ̀hún lọ́rùn. Ìyá gbé orí sókè lórí ẹní.

"Clément, o ti dé?"

Bí mo bá fọhùn, yóò mọ̀ pé èmi ni, yóò sì bèèrè ohun tí mò ń fi aṣọ ọmọ òun ṣe. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ tuntun nìyẹn. Mo gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń kí i, mo sì kọjá sí ẹ̀yìn ilé.

Nígbà tí mo bọ́ aṣọ tán tí mo gbé oúnjẹ wá fún un, ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ó fi ìka nu abọ́. Láti oṣù Kọkànlá kò jẹun bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ rẹ ti dé," ó wí fún mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," mo dáhùn. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kejìlá

Bàbá Agnès gbọ́ pé mo wọ aṣọ òkú. Ó wá pẹ̀lú ìbínú, ó ti ọ̀nà ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Ó bá Ìyá lórí ẹní, tó ń bó ẹ̀pà, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ti dé, pé kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ ṣùgbọ́n ó ń lé ọ̀bọ dáadáa.

Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ìyàwó, máa wọ̀ ọ́ lọ," ó wí. "Ṣé o rí i bí ara ìyá wa ṣe yá? Máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Kí ó ṣáà máa rí i."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí òjò."

Inú bí mi. Ọkọ mi kú, wọn ò jẹ́ kí n sunkún rẹ̀. Ní báyìí wọ́n tún fẹ́ kí n jẹ́ òun. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá Agnès." Ta ni mo fẹ́ bá jà?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kejìlá

Kérésìmesì. Ìyá yọ ẹran tó tóbi jù nínú abọ́ rẹ̀, ó ní kí n gbé e fún Clément. Mo jẹ ẹ́ nínú ilé ìdáná.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kìn-ín-ní, 1977

Ó rẹ̀ mí. Láàárọ̀ èmi ni ìyàwó, mò ń bẹ iṣu, mò ń se oúnjẹ. Tí oòrùn bá mú, èmi ni ọkọ. Èmi méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pàdé lójú Ìyá.

Lónìí ó bi mí: "Kí ni mo ṣe fún Clément tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀? Ó kàn ń gbọ́wọ́ sókè."

Mo ní ọ̀fun ń dùn ún, eruku ojú irin ni.

"Bá mi sọ fún un pé n kò bínú sí i," Ìyá wí.

Mo ní màá sọ fún un. Mo gun orí àpáta, mo jókòó ti gbodo, mo sì sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, bóyá ó lè gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kìn-ín-ní

Rédíò Àdìjá ń sọ ọ́ láti àná: ìbọn dún ní Kútọnu, àwọn àjèjì fi ọkọ̀ òfuurufú wá láti gba ìjọba, wọ́n lé wọn lọ. Gbogbo èèyàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ibojì Bàbá Suzanne wà ní ìlú yẹn. Mo mọ̀ pé ìbọn ò lè ṣe òkú ní nǹkan kan, síbẹ̀ àyà mi já.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kìn-ín-ní

Kamarou, délégé tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa, pe gbogbo wa jọ. Ó ní àwọn ọ̀tá lè wà nínú igbó, wọ́n lè sá pamọ́ sórí òkè. Àwọn ọdẹ ò gbọdọ̀ yìnbọn nítòsí ìlú. Ẹni tó bá rí ọkùnrin tí kò mọ̀ rí kí ó wá wí. Ó ń pe olúkúlùkù ní kámáráàdì, bí ìjọba ṣe ní kí a máa pe ara wa, títí kan Ìyá Àdìó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ní òun kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kìn-ín-ní

N óò gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo wà lórí àpáta lọ́sàn-án, pẹ̀lú kakí àti akẹtẹ̀, mò ń yí gbodo padà. Ẹnì kan láti ojú pópó ló rí mi, ó lọ wí pé ọkùnrin kan tó wọṣọ bíi ti sójà ń fara pamọ́ lẹ́sẹ̀ òkè. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí Kamarou àti àwọn ọ̀dọ́ tó gbé kùmọ̀, pẹ̀lú sójà méjì tí kì í ṣe ará ibí. Ìbọn sójà kan ń wò mí lójú.

Wọ́n ní kí n na ọwọ́ sókè. Mo na ọwọ́. Wọ́n ní kí n ṣí fìlà. Mo ṣí i, ìdì irun mi bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kamarou dá mi mọ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Sójà náà ò tíì sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀. Ó fi Faransé bèèrè ìdí tí obìnrin fi wọ aṣọ ọkùnrin, àti ibi tí ọkọ tó ni aṣọ wà. Kamarou túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí èdè wa, ó sọ ọ́ sókè kó tó rántí ibi tí ó wà. Ẹ̀yìn àgbàlá wa gan-an ni. Mo ń rí Ìyá láti ibẹ̀. Ó ti gbé orí sókè, ó ń gbọ́.

Bí mo bá ní ó wà níbi iṣẹ́, wọn yóò ní kí n lọ mú un wá. Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti sọ ọ́ fún ẹni tí a fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ṣọ́ kí ó má gbọ́. Kamarou wò mí, ó wo Ìyá. Ó súnmọ́ sójà náà, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ lédè tí Ìyá ò gbọ́.

"Il est mort."

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Bàbá Agnès ní kò jí. Àwọn àgbà ní ó ti lọ. Èdè àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n wá fi sọ fún mi pé ọkọ mi ti kú, lórí àpáta, níwájú ìbọn. Sójà náà sọ ìbọn kalẹ̀. Ó ṣí fìlà.

Kamarou ní kí n má wọ aṣọ náà mọ́, wọ́n lè yìnbọn fún mi. Mo gbà.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kìn-ín-ní

Ìró ni mo ró. Àwọn ọ̀bọ mọ̀ kí oòrùn tó gbóná. Wọ́n kó ìdajì. Mo sọ òkúta títí apá mi fi ń ro mí.

Ìyá ò béèrè Clément láti ọjọ́ Ẹtì. Kò béèrè ìdí tí kò fi kọjá mọ́. Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù ju ìbéèrè lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kìn-ín-ní

Ìyá kò jẹun lánàá. Kò jẹun lónìí. Àwọn ọ̀bọ ló ń jẹun nínú ilé wa.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Kejì

Mo sá ìyókù gbodo láàárọ̀ yìí, mo mú igi, mo fẹ́ lọ ṣọ́ ọ. Ìyá pè mí.

"Ìyàwó mi, wá jókòó."

"Ìyá, àwọn ọ̀bọ ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

"Mo ní wá jókòó."

Mo jókòó létí ẹní rẹ̀. Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó dì í mú.

"Láti ìgbà tí Clément ti dàgbà tó gbé àdá," ó wí, "ọ̀bọ ò wọ àgbàlá yìí rí. Bó bá lọ síbi iṣẹ́, á ní kí ẹ̀gbọ́n òun tàbí ọ̀rẹ́ òun wá dúró sẹ́yìn ilé fún wa. Kò fi wá sílẹ̀ fún wọn rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀kọ lẹ́sẹ̀ mi, mo mọ̀ pé Clément ò sí láyé mọ́."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni ẹ pè mí ní Clément. Ẹ ní ó ti dé."

"Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ, Albertine. Ọdún wo lo ti ń rìn nínú ilé yìí? Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo rí aṣọ rẹ̀, ó wù mí kí n pe orúkọ ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. O sì gbọ́wọ́ sókè. Mo wá rò ó pé wọ́n ti ní kí o má sọ fún mi. Mo ní kí n máa jẹun kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, kí ẹrù má baà pọ̀ jù fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n na ìbọn sí ọ nítorí mi, mo rí i pé irọ́ àwa méjèèjì ti tó."

Ó fa ọwọ́ mi mọ́ra.

"Sọ ọ́ fún mi. Èdè wa ni kí o fi sọ ọ́."

Mo ní, "Ìyá, Clément ti kú."

Ó ní, "O ṣeun." Bí ẹni tí wọ́n gbé omi fún. Lẹ́yìn náà ó fa orí mi sí itan rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú irun mi, ìdì kan lẹ́yìn ìkejì, bó ṣe yẹ kí wọ́n tú u fún opó lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Mo sunkún. Mo pariwo. Kò sí aṣọ lẹ́nu mi. Òun náà sunkún, Àdìjá gbọ́ lókè ọgbà, òun náà bẹ̀rẹ̀.

Àárín ẹkún yẹn ni mo gbójú sókè, mo rí wọn. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, àgbà àti ọmọ, wọ́n jókòó yí gbodo wa ká lórí àpáta, wọ́n ń jẹ. Mo fẹ́ dìde wá igi mi. Ìyá tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n jẹ," ó wí. "Èmi ìyá rẹ̀ ò lè ṣe òkú rẹ̀, èèwọ̀ ni. Àwọn nìkan ló wá síbi ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wá síbi òkú kì í fi ebi padà."